Ìbòjú Irin Inú Àpótí Gíláàsì

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin náà, kò rí ojú rẹ̀. Ohun tó rí ni ìbòjú irin kan tí wọ́n fi awọ dúdú bò, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀wọ̀n wẹ́wẹ́ sì so rọ̀ láti abẹ́ imú wá sí àgbọ̀n bí irùngbọ̀n. Lábẹ́ ìbòjú yìí ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tónítóní wà, àti táì, àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ gún régé. Àṣíborí aláwọ mẹ́ta wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, mẹ́ta wà ní apá òsì. Bó ṣe ń bọ̀ lójú pópó lọ́sàn-án gangan, ajá kan ń gbó tẹ̀lé e, ìyá ọlọ́mọ kan sì ti fa ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù."

Ẹ̀rù wo? Ẹ̀rín ló pa Abẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé bàtà tó ń rán sílẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ta ni kí n bẹ̀rù? Ẹni tí táì ń fún lọ́rùn yìí?"

"Ọwọ́ mi ló kún," ni ohùn náà wí láti ẹ̀yìn ẹ̀wọ̀n. "Mi ò ríbi gbé eléyìí sí, àfi ojú mi."

"Tó bá wá já bọ́ ńkọ́?"

"Kó já bọ́. Ayédèrú ni. Àwọn tó wà lọ́wọ́ mi ni ojúlówó."

Abẹ́rẹ́ dìde, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó tú okùn náà. Ojú tó jáde síta ti làágùn, awò ojú rẹ̀ sì ti tẹ imú rẹ̀ débi pé ó dá àpá sí i. Ojú tó tutù ni, ó dà bí ojú ẹni tí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Abẹ́rẹ́ wí nínú ara rẹ̀ pé, eléyìí ò burú o.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ ni orúkọ tí àdúgbò fún ọmọbìnrin náà, nítorí pé láti kékeré ni abẹ́rẹ́ kì í ti í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Onígàárì, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Gàárì ẹṣin ni bàbá náà ń ṣe nígbà tí agbára ṣì wà, òun ló ń rán awọ, òun ló sì ń rọ irin rẹ̀ níbi iná tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó kàn máa ń jókòó sórí àga ní kọ̀rọ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, ó sì ń rí gbogbo àṣìṣe.

Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá kó ohun ogun àtijọ́ wá, òun ló ń sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ayẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ ni ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ogun onírin fi ń bo ara nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó ní bí ọta bá ba ọkọ̀ náà lóde, ègé irin gbígbóná á máa ta nínú rẹ̀, á máa jó wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ìbòjú onírin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, bó ṣe ń to àwọn àṣíborí náà, tí ojú rírán wọn ti já, sórí tábìlì bí ẹni tó ń to ẹyin, "ẹ má fi òwú tuntun rán an. Òwú tuntun á máa dán lára rẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé òwú tuntun ni mo fẹ́ lò?" Abẹ́rẹ́ fa agolo kan jáde lábẹ́ tábìlì. Òwú àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ti tú lára gàárì tó gbó láti ogójì ọdún, tó sì fi ìda pa.

Ayẹ̀wò tẹjú mọ́ agolo náà, ó tẹjú mọ́ Abẹ́rẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, àṣíborí ló kàn fi ń bojú.

Àṣíborí mẹ́fà ló kó wá. Ìgbà mẹ́sàn-án ló wá wò wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ohun tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún," ni Bàbá Onígàárì wí láti kọ̀rọ̀, "ọmọkùnrin yìí ń bẹ̀ wọ́n wò bí ẹni pé wọ́n ń ṣàìsàn."

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mo kúkú ti fi í sílẹ̀. Ìwọ ni n kò rí i kí o fi í sílẹ̀."

Ojú ti Abẹ́rẹ́, àmọ́ kò jiyàn. Nígbà tí àwọn àṣíborí parí, bẹ́líìtì ló tún dé, lẹ́yìn bẹ́líìtì, ìbọ̀wọ́. Ayẹ̀wò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo ojú ihò abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kọ́ òun náà láti fi ìka mọ awọ tí òógùn ti wọ̀ yàtọ̀ sí awọ tí wọ́n fi tíì pa láró kó lè dà bí àtijọ́. Ó sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rere, kì í gbéra ga. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n jọ tẹrí ba lórí ìbọ̀wọ́ kan, tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

"Ìgbà mélòó lo yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Lójoojúmọ́."

"Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo kàn mọ̀ ni."

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó mú Abẹ́rẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Màmá náà ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n bí o bá jókòó níwájú rẹ̀, wàá ṣàdédé máa tún kọ́là aṣọ rẹ ṣe. Inú ilé náà mọ́, ó ń dán. Ní àárín pálọ̀, lórí òpó igi kékeré kan, àpótí gíláàsì wà níbẹ̀, ìbòjú irin sì wà nínú rẹ̀.

"Ọkọ mi ló rà á," ni Màmá wí. Orí rẹ̀ ń wú. "Ibi tí wọ́n ti ń ta pàǹtí ló ti rí i. Gbogbo èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ wò ó, ẹni tó wọ eléyìí kò sá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀.' Ohun tó ń sọ nìyẹn títí tó fi kú. Ọmọ rẹ̀ ló wá fi ọdún mẹ́fà wádìí pé òótọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ."

Ó gbé ìwé kan lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ayẹ̀wò ló kọ ọ́, àwòrán ìbòjú náà sì wà lẹ́yìn ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n máa gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òun ni yóò ṣáájú gbogbo àfihàn ọdún náà.

Ayẹ̀wò ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó gbé ìbòjú náà jáde. "Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Gbogbo ibi tí irin gbígbóná ti ta sí, apá òsì ni. Ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì nínú ọkọ̀ ló wọ̀ ọ́. Wo ẹ̀wọ̀n yìí, òrùka méjì ti já níbẹ̀. Irin kan gba ihò yìí wọlé, ó bà á lágbọ̀n. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ lórí ihò yìí nìkan."

"Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Abẹ́rẹ́ gbà á, ó yí i padà. Níbi tí ojú rírán ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ojú ọ̀tún, òwú náà lọ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi kókó kékeré kan pamọ́ sábẹ́ awọ. Mẹ́ta síwájú, ọ̀kan padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ rírán nìyẹn, nítorí pé ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sì kọ́ ọ. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń rán an báyẹn. Bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì.

"Ó dára gan-an," ni ohun tó rí sọ. Ó dágbére, ó sì forí lé ilé.

Kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè. "Bàbá, ìbòjú tí ẹ máa ń wọ̀ nídìí iná nígbà tí mo wà ní kékeré, níbo ló wọlẹ̀ sí?"

Bàbá Onígàárì fọwọ́ ra àgbọ̀n rẹ̀. "Ìyá rẹ kó o fún àwọn oní-pàǹtí lọ́dún tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kó tó di olóògbé. Ó ní tí mo bá ń rí i, inú mi á máa bàjẹ́. Kí ló dé?"

"Ta ló ṣe é?"

"Ta ni ì bá tún ṣe é? Àwọn eléré orí ìtàgé kan ló fẹ́ méjìlá fún eré ogun wọn. Wọ́n mú ojúlówó kan wá kí n wò. Mo wò ó, mo ní, áà, ẹni tó ronú kan eléyìí mọ iná. Mo ṣe kẹtàlá fún ara mi. Irin tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ni mo lò, mo sì fi awọ gàárì tó dàgbà jù mí lọ bò ó. Ó tó ogún ọdún tí mo fi rọ irin nínú rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bí bàbá náà ti ń gbọ́, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn, ó gbé àyà sókè. Ẹni tó ti jókòó sí kọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun wà nínú gíláàsì, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ṣú.

"Sọ fún un."

"Bàbá, orúkọ rẹ̀ wà lára ìbòjú yẹn. Iyì bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ó máa kórìíra mi."

"N kò ṣe é láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Láyé mi, n kò ṣe iṣẹ́ tó ń parọ́. Tí wọ́n bá wá gbé e sí gbọ̀ngàn kó máa parọ́ fún gbogbo ìlú, èmi ni wọ́n sọ di òpùrọ́." "Sọ fún un, ọmọ mi."

Abẹ́rẹ́ sọ fún Ayẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, nínú ṣọ́ọ̀bù, kò fi ọ̀kan pe méjì. Ayẹ̀wò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi wò ó. Ibi tí irin gbígbóná ta sí kì í parọ́."

"Kò parọ́. Irin gbígbóná ni lóòótọ́. Òógùn ni lóòótọ́. Ọkọ̀ ogun nìkan ni kò sí níbẹ̀."

"Àṣé bó o ṣe ń wò mí nìyẹn? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wá wo bàbá mi."

Kò wá. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó sì gbàgbé ìbọ̀wọ́ kan sórí tábìlì. Ọjọ́ méjìlá ni ìbọ̀wọ́ yẹn lò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gbé e kúrò. Ó ń rán bàtà, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́, kò sì fi bò fún bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, Màmá fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Onígàárì ń sùn nínú yàrá. Màmá jókòó, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé orúnkún.

"Ọmọ mi kì í jẹun mọ́," ó ní. "Ó jókòó ti àpótí yẹn láti àárọ̀ di alẹ́. Mo bi í títí, ó sọ fún mi. Ọmọ mi, ẹni tó bá ní ojúlówó ojú máa ń ṣì nǹkan wò nígbà míì. Sọ pé o ṣì í wò. Ọ̀rọ̀ tán. Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni ilé mi á fi gbà ọ́."

Abẹ́rẹ́ wo ìyá náà. Ohun tó ń fẹ́ látọjọ́ yìí wà níwájú rẹ̀, kò ju kó la ẹnu lọ.

"Mà, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín. Ó dùn mí débi pé n kò lè sùn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló di ọwọ́ mi mú tó fi kọ́ mi ní ìrán yẹn. Tí mo bá ní n kò mọ ọwọ́ rẹ̀, kí ni mo tún mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú sí mi."

Màmá dìde, ó jáde láìdágbére.

Ní ọjọ́ kejì, Ayẹ̀wò yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ìbòjú náà wà láyà rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e. Kò wo Abẹ́rẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló lọ tààrà. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀ ọ́."

Wọ́n jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi iná tí kò jó mọ́. Bàbá Onígàárì dúró níwájú owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu iṣẹ́ lé, Abẹ́rẹ́ sì so ìbòjú náà mọ́ ọn lórí. Irin náà bá ojú rẹ̀ mu láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ibi tó ṣí. Bàbá náà fi ọwọ́ òsì mú òòlù, ó gbé e sókè bó ṣe máa ń gbé e tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gbé e, ara rẹ̀ yí fúnra rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì kọjú sí owú.

Ayẹ̀wò sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan ti ibi tí òrùka méjì ti já lára ẹ̀wọ̀n. Ìka náà wọlé, ó sì bà lé àpá kan tó rí roboto ní àgbọ̀n bàbá náà.

"Ìgbà wo lẹ gba àpá yìí, sà?"

"Ọdún tí wọ́n bí ọmọ yìí," ni Bàbá Onígàárì dáhùn láti inú irin. "Mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ilé, mi ò sì dáwọ́ dúró, torí irin ti pọ́n. N kò tún òrùka náà ṣe. Mo fi í ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí rẹ̀."

Ayẹ̀wò jókòó sórí ilẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. "Ojú ìwé mẹ́rin," ó ní. "Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Abẹ́rẹ́ jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Ọjọ́ àfihàn pé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti ní kí wọ́n gbé ìbòjú náà kúrò láìsọ nǹkan kan. Ayẹ̀wò ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sọ ọ́ lẹ́nu ara òun. Ó gorí pèpéle.

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó wọ ìbòjú yìí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì nínú ọkọ̀ ogun," ó ní. "Mo ṣìṣe. Kò sí nínú ọkọ̀ ogun kankan. Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ló wà, ó ń rọ irin gàárì, ó ń fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Òun ló ṣe ìbòjú yìí, òun ló wọ̀ ọ́ fún ogún ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ dára débi pé ó tan èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti má ṣe jẹ́ kí nǹkan tàn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ayẹ̀wò kò jẹ́ kó dá òun dúró. Ó yí páálí tó wà níwájú gíláàsì padà, ó sì kà á sókè pé: "Ìbòjú ìrọ-irin. Bàbá Onígàárì, òpópónà àwọn aránbàtà, ló ṣe é, òun náà ló wọ̀ ọ́. A kọ́kọ́ ṣì í mọ̀."

Bàbá Onígàárì dìde nínú kóòtù tó ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n pamọ́. Abẹ́rẹ́ dúró tì í, orí rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ kún, ó wo ọkùnrin tó wà lórí pèpéle, ó mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn láyé.

Nígbà náà ni Màmá dìde ní ìlà iwájú. Ó rìn lọ bá Bàbá Onígàárì, ó wo àgbọ̀n rẹ̀, ó rí àpá náà.

"Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹni tó wọ eléyìí kò sá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀," ó ní. "Kò ṣìṣe, àbí?"

"Kò ṣìṣe, mà," ni bàbá náà dáhùn.

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n mú níṣojú gbogbo gbọ̀ngàn. Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Ìwọ náà ò sá. Mo wá ní kó o yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, o ò sá." Ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kó ìwé náà padà lọ́jà. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀gá ní ẹni tó bá lè sọ irú ìyẹn fún gbogbo ìlú, òun lè gba ohun yòówù tó bá sọ gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ajá bẹ̀rẹ̀ sí gbó lójú pópó. Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ìbòjú ayédèrú ọjọ́ kìíní ló ń bọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ rẹ ò kún lónìí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Kí ni eléyìí ń ṣe lójú rẹ?"

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan, ojú ń tì mí."

"Béèrè."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Láti kọ̀rọ̀ ni Bàbá Onígàárì ti wúkọ́. "Ọmọkùnrin, ṣé ojúlówó ni ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Abẹ́rẹ́ ti dìde, ó ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tú okùn. Ó tú u tán, ó gbé irin náà sórí tábìlì, ó sì bọ́ síwájú. Ojú náà ti làágùn, awò ti tẹ̀ ẹ́ nímú bíi ti ọjọ́ kìíní.

"Ojú tó ń tì ọ́ yìí ni mo fẹ́ máa rí," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni. Màá fẹ́ ọ."